Kọ̀rọ̀ Ládélé

Èṣùgbàyí kì í jókòó. Bí ó bá jẹun tán, orí ìrìn ni yóò ti nu ọwọ́. Clémence, ìyàwó rẹ̀, a máa sọ pé èèrà wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ọkọ òun. Iṣẹ́ rẹ̀ sì bá ìwà rẹ̀ mu: kantoníyé ni, ẹni tí ìjọba gbà kí ó máa dí kòtò ojú ọ̀nà, kí ó sì máa ṣán igbó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ ni èyí tó jáde ní Kétu, tó la oko àwọn ará Okpomẹ́ta kọjá, tó sì kan ẹnubodè Nàìjíríà ní Ìlárá. Ọ̀nà kékeré ni. Ilẹ̀ pupa ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì tọ́ bí ọfà, àfi níbì kan.

Níbẹ̀, lẹ́yìn Okpomẹ́ta, ọ̀nà náà ṣàdédé yà sí ọ̀tún, ó rìn yípo bí ẹni tó rí ejò, kó tó padà sí ipa rẹ̀. Kọ̀rọ̀ Ládélé ni gbogbo ayé ń pè é. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ṣubú níbẹ̀, orí Ládélé ni awakọ̀ ń ṣépè lé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé pàápàá, bí ẹnì kan bá fa ìlà tí kò tọ́, wọ́n á ní, "O fà á bíi ti Ládélé." Èṣùgbàyí á gbọ́, á gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, á tún máa lọ.

Ní ọdún kejì tí Dahomey gba òmìnira, ìjọba rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Àjàṣẹ́. Firmin lórúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kó wọn ọ̀nà náà, kó sì yà á sórí ìwé, nítorí ó ti di ọ̀nà ìjọba. Èṣùgbàyí ló ń bá a di okùn ìwọ̀n mú. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n dé kọ̀rọ̀ náà.

"Baba, kí ló dé tí ọ̀nà wọ́ níhìn-ín? Mi ò rí òkè, mi ò rí odò."

"Wọ́n ní Ládélé, olórí àwọn tó là á, ló mutí yó."

Firmin yọ lẹ́ẹ̀dì, ó kọ orúkọ náà sílẹ̀. "Ohun tí mo bá kọ síbí, òun ni yóò wà nínú ìwé ìjọba títí ayé."

Okùn bọ́ lọ́wọ́ Èṣùgbàyí. Ládélé kò mutí yó. Èṣùgbàyí fúnra rẹ̀ ló mú kí ọ̀nà náà wọ́.

Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún. Kọmọndáǹ òyìnbó ní kí agbolé kọ̀ọ̀kan mú ọkùnrin wá fún iṣẹ́ ọ̀nà, tìpátìpá, láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n kan èèkàn mọ́lẹ̀ láti fi ipa ọ̀nà hàn, àwọn èèkàn náà sì forí lé kòtò omi tí bàbá Èṣùgbàyí gbẹ́ kó tó kú. Ní ilẹ̀ Kétu, níbi tí omi kànga ti jìn, òjò tí ènìyàn bá gbà pamọ́ sínú ilẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Agbolé mẹ́rin ló ń pọnmi níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní kí Èṣùgbàyí ṣọ́ irinṣẹ́. Àwọn yòókù lọ jẹun, gáàdì sùn lọ lábẹ́ igi. Ó tu èèkàn méje, ó sì kàn wọ́n sápá ọ̀tún.

Nígbà tí kọmọndáǹ fi máa padà dé lóṣù kejì, ọ̀nà ti wọ́. Ó ní kí wọ́n na Ládélé ní pàṣán níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Èṣùgbàyí wà láàárín wọn. Kò lanu. Kò pẹ́ tí Ládélé fi sá gba ẹnubodè lọ sí Mẹ̀kọ, kò sì padà mọ́.

"Má tíì kọ ọ́," ni Èṣùgbàyí wí fún Firmin. "Fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta."

"Ẹ̀ẹ́, Baba, lẹ́ẹ̀dì ni, ó ṣeé pa rẹ́. Àmọ́ ọjọ́ Ẹtì ni mò ń padà o."

Nígbà tó délé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún Clémence. Obìnrin náà fi orúkọ ọmọ wọn pè é. Ó ní, "Baba Honoré, ọgbọ̀n ọdún lẹ ti ń rìn, ẹ ò sì tíì débẹ̀. Ẹ lọ."

Ó kọjá ọ̀dọ̀ àwọn oníbodè ní Ìlárá, wọ́n tú àpò rẹ̀, iṣu sísun ni wọ́n bá. Lọ́jọ́ kejì ó dé Mẹ̀kọ. Ṣẹ̀hìndèmí, ọmọbìnrin Ládélé, ló mú un wọlé. Bàbá arúgbó náà jókòó sórí awọ ìkírun, ó ń hun agbọ̀n. Èṣùgbàyí dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, èmi Èṣùgbàyí ni, ọmọ oníkòtò omi Okpomẹ́ta. Èmi ni mo tu èèkàn."

Ládélé kò gbójú sókè. "Méje ni," ó ní.

Ládélé ń bá agbọ̀n híhun lọ.

"O ò mọ ihò èèkàn dí. Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò wọ́n kí gáàdì tó jí. Ìyàwó mi náà ń pọnmi níbẹ̀."

"Ẹ mọ̀! Kí ló dé tí ẹ ò sọ nígbà tí wọ́n ń nà yín?"

"Kí wọ́n pa ọ́, kí wọ́n sì tún dí kòtò?" Ó fi agbọ̀n sílẹ̀. "Kì í ṣe pàṣán ló dùn mí. Mo ń wo ojú ọ̀nà, mo ní ọmọ yẹn á wá. Ọdún ń gorí ọdún. Wọ́n tún ní mo mutí. Èmi, Mùsùlùmí! Ọtí ò kan ẹnu mi rí láyé."

Èṣùgbàyí sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn jọ padà. Ládélé ní ẹsẹ̀ òun kò gbé òun mọ́. Ṣẹ̀hìndèmí ló dá sí i: "Ọkọ̀ Làmídì ń lọ sí Kétu lọ́la. Ẹ jẹ́ ká lọ, Bàbá. Èmi náà fẹ́ rí ibẹ̀."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ̀ Làmídì já wọn sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ náà. Firmin wà níbẹ̀, àwọn ará Okpomẹ́ta tí Clémence ránṣẹ́ pè sì ti pé jọ. Èṣùgbàyí dúró láàárín wọn, ó sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, àwọn àgbà wólẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ládélé. Ṣùgbọ́n Huguette, tí ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá nígbà tí ọkọ̀ dojú dé níbẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó kẹ̀yìn sí Èṣùgbàyí, ó lọ.

"Orúkọ ta ni kí n wá kọ?" ni Firmin béèrè.

"Fi tèmi síbẹ̀," ni Ládélé dáhùn. "Mo ti sanwó rẹ̀. Àmọ́ kọ ọ́ pé n kì í mutí."

Firmin ní kò sí àyè fún ìyẹn lórí ìwé. Àwọn tó dúró níbẹ̀ ló wá ń sọ ọ́ káàkiri.

Ládélé lo ọ̀sẹ̀ kan, ó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Mẹ̀kọ. Èṣùgbàyí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó kọ̀rọ̀ náà ní ìlọ́po mẹ́ta ìbú tí ìjọba ní kó ṣán, kí awakọ̀ lè rí iwájú láti òkèèrè. Ó lọ kí Huguette lẹ́ẹ̀mẹta, obìnrin náà kò dá a lóhùn. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó gba ìkíni rẹ̀ láti inú ilé. Èṣùgbàyí dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó mú àdá rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.