Kíjìpá Mọ́kànlá Nínú Àpótí Onígíláàsì

Ìyàwó mi ló kọ ìlànà tí ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa fi ń ṣe ìpàtẹ. Ojú ìwé mẹ́rin péré ni. Òun ni ọ̀gá ibẹ̀ nígbà náà, àwọn ènìyàn sì ń kó nǹkan wọlé láìbéèrè. Ẹnì kan kan ìṣó mọ́ ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan kó ìwé ìpolongo ìbò wọn sínú àpótí onígíláàsì, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí eruku fi bò ó. Ó bínú délé lọ́jọ́ náà, ó ní ilé-ìkàwé kì í ṣe ìsọ̀. Ó jókòó ti tábìlì ìjẹun wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé: kí ẹni tó bá fẹ́ pàtẹ ohunkóhun kọ̀wé ní sáà ẹ̀kọ́ kan ṣáájú; kí ó sọ ohun tó fẹ́ kí àwọn òǹwòran mọ̀; kí ó má lo ìṣó tàbí gọ́ọ̀mù; kí àkọlé má gùn ju èyí tí ẹni tó wà lórí ìdúró lè kà tán; kí òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé kankan má ṣe pàtẹ ohun tí í ṣe tirẹ̀. Mo bá a kà á. Mo ní ó ti le jù.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó le. Ẹni tó bá wù ú yóò ṣe é."

Ìlànà ìkẹyìn yẹn ló dí òun fúnra rẹ̀ lọ́nà. Ó ní kíjìpá mọ́kànlá, aṣọ òwú nínípọn tí àwọn ìyá àgbà máa ń hun nínú ilé. Ìyá rẹ̀ ló hun mẹ́ta nínú wọn. Àwọn yòókù, ó gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti abúlé dé abúlé, lọ́wọ́ àwọn ìdílé tí kò mọ ohun tí wọn yóò fi wọ́n ṣe mọ́. Ó ní tí òun bá ti fẹ̀yìn tì, òun yóò kọ̀wé bí ará ìta, òun yóò pàtẹ wọn. Àìsàn dé ṣáájú ìfẹ̀yìntì.

Ọdún kan lẹ́yìn tí a sin ín, mo gba fọ́ọ̀mù ìpàtẹ ilé-ìkàwé náà, mo kọ ọ́. N kò rò pé ohunkóhun le nínú rẹ̀. Olùkọ́ ni mo jẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, fọ́ọ̀mù kì í bà mí lẹ́rù. Mo fi í ránṣẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin tó gba ipò ìyàwó mi, ẹni tí ìyàwó mi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, ní kí n wá.

"Dádì, ẹ jókòó." Ó na fọ́ọ̀mù sí mi. Ó ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibì kan. "Ibi tó ti béèrè pé ta ló ni àwọn nǹkan náà, ẹ kọ orúkọ yín síbẹ̀."

"Èmi ni ọkọ rẹ̀. Inú ilé mi ni wọ́n wà."

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni gbogbo wa. Ọkọ kì í jogún ìyàwó. Tó bá jẹ́ pé ọmọ wà ni…" Ó wo ojú fèrèsé. A kò bímọ. "Ẹ má bínú. Mọ́mì ló kọ́ mi pé tí ẹbí bá fi lè wá pariwo níwájú àpótí, ilé-ìkàwé ni ìtìjú yóò bá. Ẹ lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Mọ́mì."

Mo ká fọ́ọ̀mù náà sápò, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ojú tì mí, nítorí ohun tí obìnrin náà kò mọ̀. Nígbà tí àwọn ẹbí ìyàwó mi wá kó ẹrù rẹ̀, mo kó gbogbo aṣọ inú àpótí jáde fún wọn: léèsì, àńkárá, gèlè, bàtà. Kíjìpá wà nínú àpótí onípákó lábẹ́ tábìlì ìkàwé. N kò gbé e jáde. Mo sọ fún ara mi pé ohun ìwádìí ni, pé kì í ṣe aṣọ. Bẹ́ẹ̀, kí ni kíjìpá bí kì í bá ṣe aṣọ? Tí mo bá lọ béèrè báyìí, wọn yóò mọ̀ pé mo fi pamọ́, wọn yóò sì kó o lọ. Tí n kò bá béèrè, yóò kù sábẹ́ tábìlì, èmi nìkan ni yóò máa wò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé e yẹ̀ wò. Ó rẹ̀ mí.

Mo gun ọ̀kadà láti Ìlá tí mò ń gbé lọ sí Ìrẹsì, ìlú ìyàwó mi, ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níwájú ilé, ó ń bó obì sínú agbọ̀n.

"Ha! Àna wa! Àṣé ọ̀nà tó wá sí Ìrẹsì ò tíì dí?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Orúnkún mi dún.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Kí eegun yín má lọ yẹ̀ sí mi lọ́rùn."

Mo jókòó, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, àpótí àti tábìlì pẹ̀lú. Kò dá ọwọ́ obì bíbó dúró.

"Mọ́kànlá?"

"Mọ́kànlá ni, Màmá."

"Mo rí àpótí náà lọ́jọ́ tí a wá. Ẹsẹ̀ mi tilẹ̀ gbá a. Mo ní kí wọ́n fi yín sílẹ̀, kí n wo ohun tí àna wa tó kàwé yóò ṣe." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sì pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi tán. "Ṣùgbọ́n gíláàsì kẹ̀? Ẹ̀ṣẹ̀ kí ni aṣọ dá, tí ẹ fẹ́ tì í mọ́lé?"

"Oṣù kan péré ni. Ó wù ú kí àwọn ọmọ ìwé rí i."

Ó gbọn èèpo obì kúrò ní itan rẹ̀. "Oṣù kan. Ọjọ́ tó bá pé, a ó wá kó gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ wa obìnrin ló ni ín."

"Gbogbo rẹ̀," ni mo dáhùn.

Ó ní kí n mú fọ́ọ̀mù náà àti bírò wá.

A pàtẹ wọn. A fi òwú wé ọ̀pá, a fi aṣọ kọ́ ọ, kí ó má baà já níbi tó ti gbó. Mo kọ àkọlé kan nípa ìyàwó mi. Ọ̀gá ilé-ìkàwé kà á lórí ìdúró, ó dé ìdajì, ó jókòó.

"Dádì, ó gùn. Ẹ jẹ́ ká yọ ti ọsibítù kúrò."

A yọ ọ́. Ohun tó kù ni pé ó kó wọn jọ, àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Mo ń lọ jókòó síbẹ̀ lọ́pọ̀ ọ̀sán, lórí àga tó kọjú sí àpótí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn kì í wo ọ̀tún wo òsì. Àwọn mìíràn dúró. Ọmọbìnrin kan bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ooru ò ní pa ẹni tó bá wọ eléyìí?" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Ìwọ tó ń wọ súwẹ́tà nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ńkọ́?" Ó pẹ́ tí n kò ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Oṣù pé. Ẹ̀gbọ́n náà dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin méjì àti àpò ńlá kan. Mo ń gbé aṣọ kúrò lórí ọ̀pá, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sínú àpò. Mo fẹ́ dákẹ́. Kì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀kan nínú mẹ́ta tí ìyá ìyàwó mi hun, n kò lè pa ẹnu mọ́.

"Màmá, ẹ má ṣẹ́ ẹ. Ojú ibi tí a bá ti ṣẹ́ ẹ ló ti máa ń ya. Kíká ni."

"Kíká báwo?"

Mo tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ lórí símẹ́ǹtì, mo fi ọ̀pá sí etí rẹ̀, mo ń ká a lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà fara balẹ̀ jókòó sílẹ̀ níwájú mi, ó mú etí kejì. Tirẹ̀ wọ́. Mo tú u, ó tún un ká.

"Ṣé bí àbúrò mi ṣe máa ń ṣe é nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kò sọ fún mi rí." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn sí àwọn ọmọ rẹ̀. "Ẹ tú gbogbo èyí tó wà nínú àpò yẹn jáde. Ẹ mú òmíràn wá, kí n ká a."