Ibú Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fọwọ́ Kàn

Mo ṣì kéré nígbà náà, mi ò tíì lè ru ju akèrègbè omi kan lọ. Odò ẹ̀yìn abúlé wa kún fún ìṣáwùrú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n: ìgbín inú omi ni, dúdú, kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ, ara òkúta ló máa ń lẹ̀ mọ́. Ìyá bàbá mi ló ń ṣà á fún ọbẹ̀ ilé wa.

Èèwọ̀ kan wà níbẹ̀ o. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibú, níbi tí omi ti jìn lábẹ́ àwọn igi ńlá. Ibẹ̀ ni ìṣáwùrú ń sá sí. Tí òjò bá dé, wọn a tún tibẹ̀ jáde gba gbogbo òkúta odò.

Nígbà tí tábà wá gbòde, bàbá mi náà kọ́ ilé tí wọ́n ti ń yan ewé rẹ̀. Iná yẹn ń jẹ igi, kì í yó. Igi oko tán, bàbá mi bọ́ sí ti etí ibú. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ìyá o, tó kúnlẹ̀ fún ọmọ! Bàbá mi sáré gbé e dìde, ó ní, "Ìyá, igi ni mo gé. Ta ló fọwọ́ kan ibú?"

Òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Oòrùn ló wọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀rùn yẹn, omi ibú gbóná bí omi ìwẹ̀ ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ìṣáwùrú léfòó, wọ́n ń rùn.

Òjò dé, ìyá àgbà rìn lọ sí odò mìíràn lọ́nà Ìgànná, ó fi ewé tútù di ìṣáwùrú wá nínú agbọ̀n, ó ń tẹ́ wọn sára òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Inú wa dùn. Àfi bí òjò ńlá ṣe rọ̀, tó gbá ilẹ̀ oko tábà wọ odò, iyanrìn bo gbogbo òkúta. Bàbá mi ń fọwọ́ wa iyanrìn yẹn, ìkarahun òfìfo ló ń bá.

Ìyá àgbà ní, "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. O ò mọ̀ ni." Ìgbà yẹn ni bàbá mi bú sẹ́kún.

Ó gbin igi sétí ibú kó tó kú. Igi ti ga. Ìṣáwùrú kò padà, iyanrìn ti kún ibú, omi pàápàá kò jìn mọ́, ó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ̀yin ọmọ, ibi tí ẹ ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn, tí ẹ ń yin ibòji rẹ̀ yẹn, ibú ni.