Ojú rédíò mọ́tò mi dé iwájú pẹpẹ

Mo ṣẹ́ èpè fún olè láàárọ̀ yìí, àṣé ìyá tó bí mi ni!

Mo gbé Mọ́mì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Festac nínú mọ́tò àkọ́kọ́ tí mo fowó ara mi rà. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wo bí mo ṣe páàkì. Nígbà tí mo padà láti yọ ojú rédíò, káwọn olè má bàa jí i, kò sí níbẹ̀ mọ́, Mọ́mì náà sì ti wọlé lọ!

Ọkàn mi ò balẹ̀ títí wọ́n fi pe ìdúpẹ́. Mo bá rí Mọ́mì tó ń jó lọ síwájú, tó na ojú rédíò mi sókè bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ìyàwó pásítọ̀ bi í pé, "Màmá, kí lẹ mú dání yẹn?"

"Ojú rédíò mọ́tò ọmọ mi ni o!"

Bó ṣe padà wá jókòó, mo sọ ọ́ sí i létí pé, "Mọ́mì, ẹ ò ṣe sọ fún mi?"

"Rédíò mọ́tò bàbá ẹ, wọ́n kàn án mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pinpin. Títí a fi tà á, ta ló mọ̀ pé a ní mọ́tò? Tìẹ wá ṣeé yọ. Àbí odindi mọ́tò ni kí n gbé wọlé ni?"

Mo fẹ́ bínú, àmọ́ orí mi ti wú.

A ti délé. Ó ti gbé e sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbà tí mo gboyè jáde. Ó ní àlejò ń bọ̀, kí n má fọwọ́ kàn án.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa gbà á padà lọ́wọ́ ẹ̀, àbí ẹ máa fẹnu ara yín kọrin lọ síbi iṣẹ́ lọ́la?