Ọjọ́ tí Wọ́n Tẹ́ Mi Sínú Pósí ní Hellersdorf

Òórùn pákó tuntun ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo dùbúlẹ̀ sínú pósí náà. Gbọ̀ngàn kan ní Hellersdorf, ní Berlin, la ti ń ya eré tẹlifíṣọ̀n kan. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti di òṣèré tí gbogbo èèyàn mọ ojú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ṣe awakọ̀, mo ṣe ọlọ́dẹ, mo ṣe olè débi pé àwọn obìnrin a máa di báàgì wọn mú tí mo bá wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí iṣẹ́ ń tán lọ́hùn-ún, mo kó wá sí Jámánì, mo rò pé wọ́n ń retí mi. Awakọ̀ náà ni wọ́n tún fún mi ṣe.

Àfi ìgbà tí ipa yìí dé: òṣìṣẹ́ èbúté Hamburg kan tó ní ilé, tó ní ìyá, tó wá kú. Olùdarí eré ní bí ìsìnkú náà bá wọ òun lọ́kàn, òkú náà yóò máa fara han ìyá rẹ̀ lójú àlá títí eré yóò fi parí, iṣẹ́ mi ò sì ní tán. Irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ ò tíì kàn mí rí.

Ìyá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Billstedt, ní Hamburg, bẹ̀ mí pé kí n má ṣe é. Ó ní ọmọ ní í sin ìyá, a kì í fi ikú ṣeré níṣojú ẹni tó bíni. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tó rí i pé n kò ní gbọ́, òun àti ẹ̀gbọ́n mi wọ ọkọ̀ ojú irin wá. Ó ní ẹni tó bá sùn sínú pósí, wọ́n gbọ́dọ̀ pè é dìde. Ojú tì mí.

Nígbà tí wọ́n ya ìsìnkú náà tán, bí olùdarí ṣe ní ó tó, ìyá mi ti dé ẹ̀gbẹ́ pósí. Ó gbọ́wọ́ lé mi láyà, ó ki oríkì ilé baba mi.

“Àkànní, dìde. Ìwọ lo máa sin mí.”

Mo dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Olùdarí ń nu ojú. Ó ní kí ìyá mi wá ṣe ìyá òkú náà níwájú kámẹ́rà.

Ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Mummy, wọ́n ní kí ẹ tún un ṣe. But this time, kò ní dìde.”

“Sọ fún wọn pé eré ni tiwọn. Èmi ò ṣeré.”

Mo fẹ́ kó gbà, Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe fẹ́ ẹ tó. Òṣèré mìíràn ló wá sunkún bí ìyá òkú náà, ẹkún rẹ̀ ò wọ olùdarí lọ́kàn, ipa mi sì parí síbẹ̀. Mo bínú sí ìyá mi fún ìgbà pípẹ́, mo ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ló gba adé lórí mi.

Awakọ̀ ni mo ṣì ń ṣe. Gbogbo ẹni tó wo eré náà ló rí i tí wọ́n gbé mi sin. Ìyá mi ò wò ó rárá. Lọ́dún tó kọjá, mo sin ín sí Hamburg. Mo sunkún, mo sì dúpẹ́ pé èmi ni mo sin ín.