Kajú Bàbá Mi àti Eré Ọlọ́jọ́ Márùn-ún

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní àdúgbò Kouloundè, ní Sokodé, àti ilé ará Íńdíà tó ń ra èso kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ agbègbè Tchamba. Èèyàn dáadáa ni. Ó máa ń kí mi láràárọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, lásìkò tí kajú ń já bọ́, ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè rẹ̀ gbéra lọ gbá bọ́ọ̀lù ní àwọn erékùṣù kan lókè òkun. Ọkùnrin náà bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Kámíọ̀ tó fi ń kó kajú wà níta, adìyẹ ti ń yé sábẹ́ rẹ̀.

Mo bi í léèrè ìgbà tí eré náà máa parí. Ó ní oríṣi mẹ́ta ni wọ́n máa gbá. Ọ̀kan wà tó jẹ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún, ọ̀kan jẹ́ ọlọ́jọ́ kan, èyí tó kù ò ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Èyí tó jẹ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Ọjọ́ márùn-ún? Bọ́ọ̀lù kan?"

Ó ní wọ́n máa ń dúró jẹun ọ̀sán, wọ́n á tún dúró mu tíì. Ẹ gbà mí o! Àwa tí à ń kọ ebè ní Kambolé, ìlú wa lọ́nà Tchamba, ta ló fún wa ní tíì rí?

Ọ̀rọ̀ náà ì bá má kàn mí bí kì í bá ṣe ti bàbá mi. Ní Kambolé, bàbá mi ti gbin kajú sórí ilẹ̀ tí ìdílé wa ti ń gbin iṣu láti ayébáyé. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ olórí ẹbí, ní kí ni èèyàn fẹ́ fi igi tí kò ṣeé gún níyán ṣe. Ọdún náà gan-an ni àwọn igi náà kọ́kọ́ so tó nǹkan. Àpò kajú kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá là á mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ilé pé bí òjò bá fi lè bá kajú yẹn nílẹ̀ kó bàjẹ́, àáké ni yóò kan àwọn igi náà, iṣu ni yóò padà síbẹ̀. Bàbá mi tún ẹnu àpò kan so. Nílé wa, àbúrò kì í fèsì fún ẹ̀gbọ́n ní gbangba, inú ló máa ń gbé e sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ará Íńdíà yìí nìkan ló ń gbé kámíọ̀ wọ Kambolé.

Bí mo ṣe di rédíò wọn nìyẹn. Lálaalẹ́ ni bàbá mi ń pè mí: "Báwo ni àwọn èèyàn wa ṣe ṣe lónìí?" Àwọn èèyàn wa! Bàbá tí kò mọ̀ bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a tàbí ẹsẹ̀. Ní mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn ìrun alásárì, wọ́n ń ṣàdúà kí Ọlọ́run ran àwọn èèyàn wa lọ́wọ́ kí kámíọ̀ lè tètè dé.

Nígbà tí eré ọlọ́jọ́ márùn-ún náà parí, mo pe bàbá mi.

"Ta ló borí?"

"Kò sẹ́ni tó borí, Bàbá."

"Ta ni wọ́n wá nà?"

"Wọn ò na ẹnikẹ́ni."

"Kí ni wọ́n ń ṣe láti ọjọ́ márùn-ún?"

"Wọ́n ń mu tíì."

Ará Íńdíà náà ò tíì ṣílẹ̀kùn, ọlọ́jọ́ kan ló tún ń dúró dè. Àwọn àgbà ilé wa ní àfi káwọn wá sí Sokodé wá bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ní a kì í ṣáà bọ́ síwájú èèyàn ká máa tọrọ nǹkan láì kí i kú ohun tójú rẹ̀ rí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ kí i? Ẹ kú oríire ni? Wọn ò kúkú borí. Ẹ kú àfẹ́kù ni? Kò sóhun tó sọnù. Wọ́n jókòó lé e, wọ́n tún jókòó lé e. Ọ̀rọ̀ ìkíni yìí gùn ju eré náà lọ, òjò sì ń ṣú lọ́run. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló là á níkẹyìn. Ó ní ẹni tó jagun lọ́jọ́ márùn-ún tí wọn ò pa á, "Ẹ kú ewu" là ń kí i.

Wọ́n dé lẹ́yìn ìrun àílà pẹ̀lú ẹ̀wù jàláábù funfun lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kí i, mo sọ ọ́ ní Faransé. Háà! Ọkùnrin náà fò sókè, ó dì mọ́ bàbá àgbàlagbà. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí! Díẹ̀ ló kù kí wọ́n na àwọn èèyàn òun, àwọn agbábọ́ọ̀lù méjì tó gbẹ̀yìn ló dúró gbọn-in, tí wọn ò rí wọn lé jáde títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní inú Sokodé tóun ń gbé, kò sẹ́ni tó mọ èyí, àṣé Kambolé mọ kíríkẹ́ẹ̀tì! Ọjọ́ náà sì ni eré ọlọ́jọ́ kan ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ.

Ẹ wo ẹ̀gbọ́n bàbá mi lábẹ́ fáànù, tíì oníwàrà lọ́wọ́. Kò pẹ́ rárá tó fi ń ṣàlàyé fún ẹni tó ni ilé: "Ìyẹn ti jáde! Ó ti jáde!" Bàbá mi ò wo tẹlifíṣọ̀n. Ojú ọ̀run apá Kambolé ló ń wò lójú fèrèsé, ó ti dúdú kirikiri.

Mo rọra sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi ló máa sọ̀rọ̀."

Inú bí mi, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀. Kò tilẹ̀ wojú mi. "A kì í já ayọ̀ mọ́ onílé lẹ́nu. Jẹ́ kó parí." Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó fẹ́ gé igi ni wọ́n fi ṣe alágbàwí igi.

Àfi bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, nínú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn géńdé ọkùnrin yí tapólìn ńlá jáde, wọ́n ń sáré àsápajúdé.

Bàbá mi ní, "Kí ni wọ́n ń bò?"

Mo ní, "Koríko."

"Koríko lásán?"

"Koríko lásán, Bàbá."

Ó bá dìde dúró. Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ẹ̀gbọ́n! Koríko ni wọ́n ń sáré bò yẹn o! Kajú mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ jókòó, ẹ ń mu tíì!" Mo sọ ọ́ ní Faransé, mi ò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, mo tún fi díẹ̀ kún un. Ará Íńdíà wo tẹlifíṣọ̀n, kò sí eré níbẹ̀ mọ́. Ó mú kọ́kọ́rọ́ kámíọ̀, gbogbo wa tẹ̀ lé e.

Òjò pàdé wa nígbà tí a kúrò ní Tchamba. A dé ilé, omi ń ṣàn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí àpò kan níbẹ̀. Lójúde, ibùsùn ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà nínú òjò pẹ̀lú ìrọ̀rí àti bùbá rẹ̀. Yàrá rẹ̀ nìkan ni kì í jò nínú ilé wa. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ rin gbindin, ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi: "Ẹ kú àbọ̀, Bàbá." Àpò kajú kún yàrá lẹ́yìn rẹ̀ dé àjà, ó gbẹ táútáú.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wo ibùsùn, ó wo ìyá mi. Ará Íńdíà ti wọlé, ó bu kajú sọ́wọ́, ó ń gbọ̀n ọ́n létí láti mọ bó ṣe gbẹ tó. Ó ní èyí dára púpọ̀, ta ló ni ín? Kí n tó lanu, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti dáhùn.

"Tiwa ni."

Ìyá mi dìde nílẹ̀, ó fún aṣọ rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, tiwa ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa rù ú sí kámíọ̀."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bọ́ fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá mi ló gbé àpò àkọ́kọ́ rù ú.