Ẹ Di Ọwọ́ Rẹ̀ Mú

Àǹtí Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ́jú eyín tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin dá sílẹ̀. Tábìlì kan. Kọ̀ǹpútà kan. Àga mélòó kan lẹ́bàá ògiri. Ẹni tó bá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú wọlé, "jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́" ni Àǹtí fi ń kí i.

Nínú fáìlì tí Àǹtí ń kọ àwọn èèyàn sí, orúkọ kọ́ ló ṣíwájú. Ìlà àkọ́kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń gba onítọ̀hún. "Ẹ má jẹ́ kó rí abẹ́rẹ́." "Àwàdà ni oògùn rẹ̀." Lẹ́yìn náà ni orúkọ, fóònù, àdírẹ́sì ímeèlì. Ó ní orúkọ kì í dun èèyàn, eyín ló ń dunni.

Dókítà ra ètò kọ̀ǹpútà tuntun, tí yóò máa fi ímeèlì rán àwọn èèyàn létí ọjọ́ tí wọ́n máa wá. Àpótí orúkọ wà níbẹ̀, ti fóònù wà, ti àdírẹ́sì wà. Ti ìwà kò sí.

"Irú ilé wo rèé?" Àǹtí dá àpótí tirẹ̀ sí i, ó sọ ọ́ ní "Bí a ṣe ń gbà á". Inú rẹ̀ dùn bíi ti onílé tuntun. Ó wá kó fáìlì rẹ̀ wọlé. Ètò náà bi í: ṣé ìlà àkọ́kọ́ ni orúkọ? Ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ bàbá káfíńtà, tí eyín rẹ̀ ń jẹrà, tó sá kúrò lórí àga dókítà tí kò padà wá mọ́. Ó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni".

Lóru, ètò náà fi ímeèlì ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ní àárọ̀, dókítà jáde tòun ti fóònù.

"Àǹtí mi, ìyá olùkọ́ tó máa ń wá síbí ní ta ló ń jẹ́ 'Ọ̀rọ̀ Pọ̀ Lẹ́nu Rẹ̀, Ẹ Tètè Fún Un Lábẹ́rẹ́'?"

"Mo gbé! Ṣé ó bínú?"

"Ó ní òótọ́ ni, àmọ́ ta ló bi yín?"

Àǹtí ò lè rẹ́rìn-ín. Bàbá káfíńtà ńkọ́? Agbéraga èèyàn. Ohun tí wọ́n fi kí i rèé: "Ẹ kú àárọ̀ o, Ó Ń Gbọ̀n, Ẹ Di Ọwọ́ Rẹ̀ Mú." Bí ojú bá tì í, ó parí. Eyín yẹn á jẹ ẹ́ dé egungun.

Ó pe bàbá lórí fóònù. Bàbá ò gbé e. Àǹtí tún kó fáìlì wọlé, orúkọ sí àyè orúkọ, ìwà sí àyè ìwà. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Ó ti balẹ̀.

Lọ́sàn-án, ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá káfíńtà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú, fóònù lọ́wọ́.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Bàbá wo àwọn tó jókòó. Ilẹ̀ ni kálukú ń wò. Wọ́n ti ka tiwọn.

"Mo rò pé ẹnikẹ́ni ò rí mi lọ́jọ́ yẹn."

"Mo rí yín, bàbá."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó na ọwọ́ líle rẹ̀ kọjá orí tábìlì.

"Dìde, ká lọ bá dókítà. O ti kọ ọ́, o ò lè sẹ́ ẹ mọ́."

Àǹtí dìde, ó di ọwọ́ náà mú. Tirẹ̀ gan-an ló ń gbọ̀n.

"Jẹ́jẹ́," ni bàbá wí fún un. "Jẹ́jẹ́, ọmọ mi."