Ilé Onítáyà Nínú Òjò Sísílì

Òórùn ọsàn tútù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ó dé kí n tó la ojú ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó gba ojú fèrèsé kékeré tí kò pa dé dáadáa wọlé, ó sì bá òórùn irú Màámi pàdé nínú ọkọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sínú ilé tí wọ́n ti ń fi irú sebẹ̀, ẹ mọ̀ pé irú kì í fi àyè sílẹ̀ fún àlejò. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ yẹn, ọsàn àti irú gbà láti jọ gbé pọ̀. Òjò ń lu òrùlé lórí wa. Omi ń kán sínú ìkòkò tí Bàbá mi gbé sí àárín ilé, tó, tó, tó. Ìyá Àgbà sì ti jókòó létí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ti wé gèlè, ó ti wọ sùwẹ́tà lé sùwẹ́tà, ó ń dúró kí àwa yòókù jí.

Ọkọ̀ ni mo ń pè ní ilé yìí o. Ọkọ̀ funfun gbọọrọ kan tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù onígáàsì, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó kéré débi pé ẹ̀yìn ni Bàbá mi fi máa ń wọ̀ ọ́. "Ilé onítáyà" ni ó sọ ọ́. Irú rẹ̀ ló máa ń wò lójú ọ̀nà freeway ní Houston nígbà tí àwọn òyìnbó arúgbó bá ń wa tiwọn lọ sí etí òkun, á ní, "Ẹ wo ìgbín ayé òde òní, ó gbé ilé rẹ̀ rù." Kò sí ẹni tó mọ̀ pé àwa náà yóò di ìgbín lọ́jọ́ kan, tí kò sì ní jẹ́ ní Texas, bí kò ṣe ní Sísílì, erékùṣù àwọn ará Ítálì láàárín òkun Mẹditaréníà, nígbà òtútù tí òjò ibẹ̀ kì í mọ ọjọ́ ìsinmi.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Apartment kan ní Gulfton, àdúgbò kan ní Houston, ni à ń gbé, níbi tí a ti ń gbọ́ èdè mẹ́rin láti ẹnu ọ̀nà wa dé ibi àpótí lẹ́tà. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá mi, ti wá bá wa láti Nàìjíríà nítorí ojú rẹ̀. Dókítà yẹ ojú náà wò títí, ó ní ìmọ́lẹ̀ tó kù níbẹ̀ kò ní pẹ́ tán, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà. Inú mọ́tò ni Bàbá mi ti rọra túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ìyá Àgbà kò sunkún. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé ló ní, "Ó dáa. Kí ojú mi tó ti ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí n fi rí Àkànní."

Àkànní ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀, àbúrò Bàbá mi. Kí wọ́n tó bí mi ló ti lọ sí Ítálì, pé òun ń lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, kò sì wálé mọ́. Ó máa ń fóònù wa nígbà ọdún láti ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ohùn rẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú kànga. Kò ní ìwé tí yóò fi wọ Amẹ́ríkà, nítorí náà àwa ni a ó lọ. Ó ní òun yóò pàdé wa ní pápákọ̀ òfuurufú ní Kàtáníà.

Ìyá Àgbà ló kọ hòtẹ́ẹ̀lì. "Èmi ò lè sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tí n kò mọ ẹni tó jí kúrò lórí rẹ̀." Bàbá mi, tó ti ń wá irú àyè bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà, ilé tiwa la ó gbé dání." Kò sí ẹni tó sọ fún Ìyá Àgbà pé a yá ilé onítáyà náà ni, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti sùn nínú rẹ̀ rí. Màámi kàn tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tiwa láti Gulfton sórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Màámi yìí, ojúlówó ọmọ Aládùúrà ni. Ó yí ọkọ̀ náà ká, ó ta òróró sí gbogbo táyà, ó ta sí sítíárì, kó tó gbà kí ẹnikẹ́ni wọlé.

Àkànní kò wá.

A dúró ní pápákọ̀ títí àwọn tó ń gbálẹ̀ fi gbálẹ̀ dé ẹsẹ̀ wa. Bàbá mi fóònù ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ Àkànní, ọkùnrin ará Gánà kan. Ó ní Àkànní ti lọ ká ọsàn ní oko kan níhà gúúsù. Bàbá mi gbé fóònù náà kúrò létí, ó wò ó, ó tún gbé e padà. "Ọsàn kẹ̀?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí yí erékùṣù náà ká nìyẹn. Bí omi bá ti bo ọ̀nà kan, Bàbá mi á yí sítíárì padà, á ní, "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà." Nígbà tí a bá sì jókòó yí tábìlì tí kò ju àtẹ́ lọ ká, tí Màámi ń ro ẹ̀bà nínú ìkòkò tí a fi ń gba omi òrùlé, á ní, "Bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó." A yó lóòótọ́. A kọjá ìlú kéékèèké tí wọ́n kọ́ sórí òkè bí ìtẹ́ ẹyẹ, gbogbo fèrèsé wà ní títì. A dúró fún agbo àgùntàn tó rin gbingbin. Níbikíbi tí Ìyá Àgbà bá ti rí òjìji arúgbó lójú fèrèsé, á juwọ́, á ní, "Ẹ kú òtútù o!" Àwọn náà á fi èdè wọn dáhùn. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó dá mi lóhùn." Ìyá arúgbó kan tó wọ dúdú látòkè délẹ̀ tilẹ̀ jáde sínú òjò, ó kó ẹyin tó ṣì gbóná sí i lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tó gbọ́ ti ẹnì kejì, inú wọn sì ń dùn.

Ṣùgbọ́n oko tí a bá dé, wọ́n á ní Àkànní ti lọ sí òmíràn. Bí a ṣe ń dé ni ó ń ṣí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìjì dá wa dúró létí òkun, tí ìgbì ń jó lójú gíláàsì, mo gbọ́ tí Bàbá mi ń bá Màámi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ níwájú ọkọ̀.

"Ó ń sá fún wa ni."

"Ká sá fún ìyá ẹni? Kí ló ṣe?"

"Ojú ń tì í. Dókítà ló ní òun fẹ́ dà. Gbogbo àdúgbò ni Ìyá ti ń sọ fún pé dókítà ni ọmọ òun."

Ìyá Àgbà wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí ojú bá ń lọ, etí a máa gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ó kàn ń ká ẹ̀wù rẹ̀ pọ̀ lórí itan, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Mo lọ jókòó tì í, ó fi ọwọ́ lé mi lórí. "Àbẹ̀kẹ́, kò tíì ṣú," ni gbogbo ohun tó sọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni àárọ̀ ọsàn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. A ti gúnlẹ̀ lóru sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà ọsàn kan tí kò lópin, tí èso rẹ̀ pọ́n yòò nínú òjò bí iná àtùpà. Àwọn òṣìṣẹ́ ti wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn nínú aṣọ òjò aláwọ̀ ìyeyè kan náà, tí wọ́n fa ìborí rẹ̀ dé iwájú orí. Èèyàn kò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Bàbá mi lọ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, mi orí. "Oga, e no dey here o. E don go." Àwọn yòókù tẹjú mọ́ ọsàn tí wọ́n ń ká.

Bàbá mi ti ń padà bọ̀ nígbà tí Ìyá Àgbà ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú sálúbàtà, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú ẹrẹ̀. "Ìyá, ẹ dúró!" ni Màámi ń pariwo. Kò dúró. Ó gba àárín àwọn igi ọsàn náà lọ, ó ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà, ó kọjá níwájú àwọn aṣọ ìyeyè náà. Ó dé àárín wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó lọ sílẹ̀ gbìì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà!"

Láti abẹ́ igi kẹta ni ohùn náà ti jáde, kí ẹni tó ni ín tó mọ̀ pé òun ti lanu. Ẹ wò ó, a lè kọ́ ara wa láti má sunkún. A lè kọ́ ara wa láti parọ́ lórí fóònù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tí Yorùbá bá tọ́, kí àgbàlagbà ṣubú níwájú rẹ̀ kó má sọ pé pẹ̀lẹ́, ìyẹn kò ṣeé kọ́.

Ìyá Àgbà kò wẹ̀yìn, kò pariwo. Níbi tó jókòó sí nínú ẹrẹ̀, ó ní, "Àkànní."

Ẹni tó parọ́ fún Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Broda, your mouth don sell you!"

Aṣọ ìyeyè kan ju ọsàn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sáré jáde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi níwájú Ìyá Àgbà. Kò gbé ojú sókè. Bàbá mi náà sáré dé, ó ń mí hẹlẹ. "Ṣé ẹ kò fara pa, mà? Ṣé ibi tí ẹ ṣubú lé ń dùn yín?"

"Ta ló ṣubú? Mo jókòó ni." Ó na ọwọ́ sí Àkànní. "Ìwọ, dìde. Sún mọ́ mi dáadáa, ojú mi ò ríran jìnnà mọ́."

Ìyá Àgbà ṣí ìborí orí rẹ̀. Ó fa ojú rẹ̀ mọ́ tirẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, iwájú orí, ìpéǹpéjú, àgbọ̀n, òjò ń rọ̀ lé àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó mú ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà ti le, ẹ̀gún ọsàn ti ya á kárí.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni, mà. Ẹ dárí jì mí. N ò dà nǹkan tí mo ní n ó dà."

"Irọ́. Ọwọ́ bàbá rẹ ni. Ọwọ́ yìí ló gbin kòkó tó rán ẹ̀gbọ́n rẹ níwèé. Oko ni mo bí ọ sí, Àkànní. Ta ló wá ní kí o máa tijú oko?"

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, ó ń wúre. N kò gbọ́ gbogbo rẹ̀ nítorí òjò, ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn aṣọ ìyeyè yòókù ti ṣí ìborí wọn, wọ́n sì ń ṣe àmín.

Ìyókù ìrìn-àjò wa, ẹni márùn-ún ni wá nínú ilé onítáyà, Bọ̀ọ̀dá Àkànní níwájú tó ń júwe ọ̀nà. Òjò kò dá. Kò tún sí ẹni tó bá a jà mọ́. Ó mú wa dé ìdí òkè ńlá kan tí èéfín ń jáde lórí rẹ̀, tí yìnyín sì bò ó. Ìyá Àgbà wò ó pẹ́. Nígbà tó padà sí ìlú wa, lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ ti kú pátápátá, tí àwọn èèyàn bá béèrè ohun tó rí lókè òkun, á ní, "Mo rí òkè tó dé fìlà funfun, tó ń mu tábà. Mo rí ọmọ mi, àgbẹ̀ ni." Orí tó gbé ga ni ó fi máa ń sọ ọ́.

Pearland, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, ni ilé mi wà báyìí. Bọ̀ọ̀dá Àkànní ṣì wà ní erékùṣù náà, ó ti ní ọgbà tirẹ̀. Èmi ti di ẹni tí irun ń funfun létí. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin mi, Tèmi, ti yunifásítì dé láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ti fi ẹ̀kọ́ dókítà sílẹ̀. Ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mo ti gbọ́. Mo gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀, mo gbé e padà. Mo bẹ̀bẹ̀, mo gbàdúrà, mo halẹ̀. Ilẹ̀kùn kò mì. Òjò ń rọ̀ lóde, irú òjò Houston tó ń dẹ́rù ba gọ́tà.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ lọ́jọ́ náà rò pé àgbàlagbà kan ṣubú, pé Ọlọ́run ló kó wa yọ. Mo ṣì gbà pé Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dúró níwájú ilẹ̀kùn yẹn, ó yé mi ohun tí ìyá kan máa ń ṣe nígbà tí ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mo gbé abọ́ oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ká aṣọ mi dáadáa. Mo sì jẹ́ kí ara mi lọ sílẹ̀, gbìì, pẹ̀lú "Yéè!" kan tó dé ojúlé kejì.

"Mummy, pẹ̀lẹ́! Pẹ̀lẹ́ o!" Ilẹ̀kùn ti ṣí. Ojú rẹ̀ wú, irun rẹ̀ rí játijàti, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi. "Did you fall?"

Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, mo wò ó.

"Ta ló ṣubú?" ni mo wí. "Mo jókòó ni. Wá, bá mi jókòó."

Ó jókòó.